Kí Lẹ Rí Lójú Pátákó?

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kí yín bí a ṣe ń kí ara wa nílé: ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìsinmi. Ara Màámi le. Orúnkún ọ̀tún wọn ṣì máa ń dùn wọ́n bí òjò bá ti ń ṣú, débi pé àwọn ará àdúgbò wa ní Oǹdó ti ń béèrè lọ́wọ́ orúnkún yẹn kí wọ́n tó sá aṣọ. Igi máńgòrò iwájú ilé ṣì ń so, àfi pé àwọn àdán ń jẹ ẹ́ jù wá lọ. Awò ojú yín wà nínú dúrọ́ọ̀. Màámi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, àmọ́ wọ́n máa ń nù ún ní gbogbo ọjọ́ Sátidé bí ẹni pé ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì.

Mo ní ìròyìn kan. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń gbé e kiri bí ẹni gbé ẹyin. Mo ti sọ ọ́ fún ọkọ mi, mo ti sọ ọ́ fún Màámi, síbẹ̀ kò tíì tán nínú mi, torí kì í ṣe àwọn ni wọ́n ni ín. Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ìròyìn nípa bí a ṣe ń kọ́ èèyàn ní gírámà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo mọ̀ pé bí ẹlòmíì bá gbọ́, á ní ṣé irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí ẹni tó ti lọ nìyí. Ẹ̀yin á ti fa àga yín súnmọ́ tòsí.

Ṣé ẹ rántí ògiri kíláàsì yín? Èmi rántí rẹ̀ dáadáa, torí kò sí tíṣà míì ní gbogbo Oǹdó tí ògiri rẹ̀ ń rùn bí àkàrà. Ìwé ìròyìn tí wọ́n bá fi wé àkàrà òwúrọ̀ yín, ẹ kì í jù ú nù. Ẹ ó kọ́kọ́ kà á tán, epo á máa ṣàn sí yín lápá, lẹ́yìn náà ẹ ó fi sísọ́ọ̀sì gé gbólóhùn kan ṣoṣo jáde, ẹ ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Páálí oògùn ibà, ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, gbogbo ibi tí èdè Gẹ̀ẹ́sì bá ti yọjú nílùú ni ẹ ti ń ṣa á bí ẹni ń ṣa orógbó nídìí igi. Màámi máa ń sọ pé kí ẹ jẹ àkàrà náà, kí ẹ yé jẹ ìwé. Ẹ̀rín nìkan ni èsì tí wọ́n máa ń rí gbà.

Tó bá wá di àsìkò gírámà, ẹ ò ní kọ òfin kankan sójú pátákó. Ẹ ó yọ ṣọ́ọ̀kì lápò àyà yín, àpò tí Màámi ò rí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ mọ́ títí dòní, ẹ ó mú gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún lára ògiri yẹn, ẹ ó kọ wọ́n lé ara wọn lórí, tí ọ̀rọ̀ kan náà á tò gbọọrọ láàárín gbogbo wọn bíi bọ́tìnnì ara ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó ní, "Kí lẹ rí?" Lẹ́yìn náà ẹ ó kẹ̀yìn sí wa, ẹ ó lọ dúró lójú fèrèsé, ẹ ó máa wo òde. Ní gbogbo àsìkò tí mo fi wà ní kíláàsì yín, mo rò pé máńgòrò ọgbà ilé ẹ̀kọ́ lẹ ń ṣọ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà má baà ká a tán. Mi ò bi yín rí. Ó ń dùn mí pé mi ò bi yín.

Ìgbà tí wọ́n pe àwa tíṣà sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àkúrẹ́ ni mo tún rí ògiri yín. Ọmọbìnrin kan tó kàwé gan-an ló wá kọ́ wa. Ó ní àwọn kan ti kó ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn sọ lẹ́nu àti èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ jọ sórí kọ̀ǹpútà, àìmọye gbólóhùn. Kọ́pọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é, èmi ń pè é ní àkójọ èdè. Bí o bá tẹ ọ̀rọ̀ kan sí i, á wá gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde, á tò wọ́n lé ara wọn lórí, ọ̀rọ̀ tí o ń wá á sì tò gbọọrọ láàárín. Ara mi bù máṣọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo pé ògiri bàbá mi rèé, àkàrà nìkan ló kù! Ọmọ náà ní ẹni tó ń kọ́ èdè lè tipa bẹ́ẹ̀ fojú ara rẹ̀ rí bí èdè ṣe ń rìn kí ẹnikẹ́ni tó ka òfin sí i létí. Bàbá, ta ló kọ́ ẹ̀yin? Ẹ ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Tẹlifíṣọ̀n ilé pàápàá, èmi ni mo máa ń bá yín tàn án.

Mi ò tíì sọ fún yín pé mo ti ń kọ́ àwọn àgbà. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti pa, mo máa ń lọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àkúrẹ́, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn tí kò ráyè kàwé nígbà èwe wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀ ni Bàbá Ìjù. Ìjù ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ti fi ọkọ̀ akẹ́rù kó pákó láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ lọ sí Èkó títí agbára wọn fi dínkù. Ohun tí wọ́n ń wá kò ju kí wọ́n lè bá ọmọ ọmọ wọn tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ lórí fóònù, torí ọmọ náà ò gbọ́ Yorùbá. Bùsọ́lá, ìyàwó ọmọ wọn, ló ń bá wọn wá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì le ju ti Bàbá lọ. Ó ń wá iṣẹ́ sí ọsibítù kan ní Oǹdó, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé, iṣẹ́ àwọn tó ń ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ó ti lọ íńtáfíù lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ kò là. Ẹnì kan ṣàánú rẹ̀, wọ́n ní kó padà wá. Ọkọ rẹ̀ ò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́, àwọn ọmọ sì wà nílẹ̀ tí wọ́n ń jẹun. Bí ẹnu rẹ̀ kò bá tún là lẹ́ẹ̀kejì, ó ti parí nìyẹn.

Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín díẹ̀ ná. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo lọ sórí àkójọ èdè ńlá tàwọn òyìnbó, mo tẹ odindi ojú ìwé jáde, mo pín in fún wọn. Gbólóhùn gígùn-gígùn, orúkọ ìlú tí ẹnì kankan ò gbọ́ rí, ọ̀rọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ọ̀rọ̀ yìnyín tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run. Múfútàù, télọ̀ tó máa ń jókòó lẹ́yìn, gbé ìwé tirẹ̀ sókè.

"Tíṣà, yìnyín yìí, ṣé ti inú fíríìjì ni àbí wọ́n lọ rà á?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀yin ò ní ṣe irú rẹ̀ láé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ odò wíwẹ̀, a kì í jù ú sínú òkun.

Ni mo bá ṣe bíi tiyín. Mo ní kí kálukú máa mú gbólóhùn tó bá rí lójú ọ̀nà wá. Bùsọ́lá mú ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọsibítù wá, Múfútàù mú ti ẹ̀yìn ọkọ̀ akérò, Bàbá Ìjù mú páálí oògùn ẹsẹ̀ wọn wá odindi. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà mi, òun ló ń bá mi tò ó. Mo máa ń ṣa èyí tó kúrú, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò le, ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè, bí ìlà bá ti pọ̀ jù, kò ní rí nǹkan kan. Àkójọ èdè wa kéré, àmọ́ ti Àkúrẹ́ ni. Kò sí yìnyín níbẹ̀.

Síbẹ̀, ẹnu kò là. Mo ń kọ́ wọn ní "since" àti "for", ọ̀rọ̀ méjì tó ń fi bí nǹkan ṣe pẹ́ hàn, tó sì máa ń dà pọ̀ mọ́ àwa Yorùbá lójú. Mo pín ìwé, mo ní kí wọ́n wò ó, kí kálukú wá sọ gbólóhùn tirẹ̀. Bó ṣe máa ń rí láàárín wa, gbogbo wọn dúró de àgbà. Bàbá Ìjù gbóhùn sókè pé, "I am driving since thirty years." Mo yíjú sí Bùsọ́lá. Ó rẹjú sílẹ̀, ó ní, "I am cooking since five years." Ó kan Múfútàù: "I am sewing since ten years." Báyìí ni wọ́n ṣe tò ó títí dé ẹni tó kẹ́yìn. Bó ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn ló rí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé èmi gan-an ni mi ò mọ̀ ọ́n kọ́, íńtáfíù Bùsọ́lá sì ń sún mọ́lé.

Ó wá di ọjọ́ kan tí Bàbá Ìjù ò wá. Wọ́n lọ wo kòkó wọn. Ẹ wá wo kíláàsì lọ́jọ́ náà! Bùsọ́lá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ bó ṣe yẹ, "I have been cooking for five years," ó tún ń ṣàlàyé fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé "since" ń tọ́ka sí ìgbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀, "for" sì ń ka bó ṣe pẹ́ tó. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Lára ìlà ló ti rí i. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń sọ òdì látọjọ́ yìí.

"Tíṣà, bàbá ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Báwo ni mo ṣe máa wá sọ òmíì lẹ́yìn wọn? Ṣé kí n ní wọn ò mọ̀ ọ́n ni?"

Múfútàù ní òun náà mọ̀ ọ́n, àmọ́ nílé tí wọ́n ti tọ́ òun, wọn kì í já àgbà ní koro.

Bàbá mi, gbogbo kíláàsì ló mọ̀ ọ́n! Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń ṣì í. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé àwọn tó máa jókòó síwájú Bùsọ́lá ní Oǹdó, àgbà ni gbogbo wọn. Ìyẹn ló pa á lẹ́nu mọ́ nígbà àkọ́kọ́, kì í ṣe àìgbọ́n. Ẹnu tó ti mọ́ lára láti dúró de àgbà á tún dúró de àwọn náà.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí ẹ ń ṣe lójú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló máa ń pọ̀ ní kíláàsì yín, ẹni tó ti hu irùngbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ẹ̀kọ́ á jókòó ti ọmọ tó ṣì ń mu ìka. Ẹ ń kẹ̀yìn sí wa kí ẹni tó bá ṣì í lè tún un ṣe láìsí pé tíṣà ń wo ojú rẹ̀. Ẹ kì í béèrè ta ló mọ̀ ọ́n àti ta ni kò mọ̀ ọ́n. Kí la rí, ìyẹn nìkan lẹ máa ń béèrè, kò sì sí àgbà tàbí ọmọdé nínú ìyẹn. Ẹ ò gba oyè kankan lórí rẹ̀, ẹ ò kọ ọ́ síwèé, ẹ ò tiẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi ọmọ yín. Ọgbọ́n yín ga ju ibi tí mo fojú wò ó lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Bàbá? Àbí máńgòrò lẹ kàn ń ṣọ́ lóòótọ́?

Nígbà tí Bàbá Ìjù padà dé, mo fi ìwé kan ṣoṣo sáàárín wọn àti Bùsọ́lá, mo pín àwọn yòókù ní méjì-méjì bẹ́ẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú ìlà ibẹ̀ ni "No light since Monday," tí Múfútàù rí lára ilẹ̀kùn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata. Òmíràn ni "Boil for ten minutes." Mo ní, "Kí lẹ rí?" Mo kẹ̀yìn sí wọn, mo lọ sójú fèrèsé. Ọkùnrin kan ń fọ ọkọ̀ níta, mo ń wo ọkọ̀ náà bí ẹni tó fẹ́ rà á. Kò pẹ́, mo gbọ́ tí wọ́n ń kùn sí ara wọn létí. Àfi ohùn Bàbá Ìjù:

"Háà! Èmi ni mo ti ń ṣì í látọjọ́ yìí!"

Wọ́n darí ọ̀rọ̀ sí Bùsọ́lá.

"Ìyàwó, ìwọ ti mọ̀?"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Múfútàù ńkọ́?"

"Bàbá, ọmọ ta ni mí tí n ó fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín?"

Mo yíjú padà. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n máa dìde, kí wọ́n máa lọ, nítorí bí wọ́n bá lọ, Bùsọ́lá á tẹ̀ lé wọn, gbogbo rẹ̀ á sì bàjẹ́ síbẹ̀. Bàbá ń wo ìwé náà. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì wọ́n níkùn. Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orí ìwé yẹn lórí tábìlì, wọ́n fi ohùn Àkúrẹ́ wọn sọ pé:

"Ẹ gbọ́ o. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Láti òní lọ, nínú ulé yìí, ìwé yìí ni àgbà wa. Mo ti dé e ní fìlà. Ẹni tó bá gbọ́ tirẹ̀ kò rí mi fín. Ìyàwó, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Bùsọ́lá kúnlẹ̀ ná, kó tó dìde sọ ọ́. Bàbá Ìjù sì sọ tiwọn tẹ̀ lé e, ketekete, pẹ̀lú orí tó mọ́lẹ̀ láìsí fìlà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, Bàbá. Ká ní ẹ wà láyé ni, mi ò bá mú wọn wá kí yín, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ jẹ àkàrà kí ẹ sì jọ ka ìwé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, fìlà yẹn ni wọ́n fi ń ṣí kíláàsì. Bí wọ́n bá ti gbé e lé ìwé lórí, ẹnu gbogbo èèyàn á là.

Lọ́jọ́ íńtáfíù, àwa mẹ́ta la jọ wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Ọsibítù tí ẹ ti fi wá sílẹ̀ kan náà ni, Bàbá. Mi ò tíì wọ ibẹ̀ láti ọjọ́ tí a gbé yín jáde. Bùsọ́lá wọlé, èmi àti Bàbá Ìjù jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì. Fóònù wọn dún, ọmọ ọmọ wọn ni. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "I am in Ondo. I have been here since morning. Have you eaten?" Ọmọ náà sọ nǹkan kan, Bàbá sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, wọ́n ní eruku Oǹdó pọ̀.

Nígbà tí Bùsọ́lá jáde, ọ̀dọ̀ Bàbá Ìjù ló gbà lọ tààrà, ó kúnlẹ̀. Ó ní bí òun ṣe rí àwọn àgbà tó jókòó tò, òun tún fẹ́ dúró dè wọ́n bíi tìgbà àkọ́kọ́. "Ni mo bá fojú inú gbé fìlà yín lé orí tábìlì wọn, Bàbá. Ọ̀rọ̀ kàn ń jáde ni." Bàbá Ìjù ń fọwọ́ pa á lórí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà dé: wọ́n ti gbà á, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀. Gbogbo kíláàsì ló hó yèè, Bàbá Ìjù sì dìde ṣàdúrà fún un ní ohùn Àkúrẹ́. "Uṣẹ́ á gbè ọ́ o, ọmọ mi," ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ìròyìn tí mo ń gbé kiri nìyẹn.

Ó ku ohun kan. Kí Bùsọ́lá tó jáde lọ́jọ́ náà, mo dìde, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù tí ẹ wà. Bẹ́ẹ̀dì yín ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé, ẹlòmíì ló ń sùn níbẹ̀. Ẹ rántí ọjọ́ ìkẹyìn yẹn? Ẹ ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ wo èmi àti Màámi fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi agbára tó kù yí ara yín padà, ẹ kọjú sí fèrèsé, ẹ kẹ̀yìn sí wa. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe lọ. Màámi sunkún pé ẹ ò fẹ́ rí wa mọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà náà. Ìgbà tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn ni ó tó yé mi. Mo ti sọ ọ́ fún Màámi, wọ́n sì sùn dáadáa.

Ẹ fojú bi wá léèrè pé kí la rí, ẹ lọ dúró síbi tí ẹ máa ń dúró sí, kí a lè fara balẹ̀ wò ó. Ó pẹ́ kí n tó dáhùn, Bàbá, ẹ má bínú. Mo ti wo gbogbo ìlà ayé mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ni mo rí, ẹ tò gbọọrọ láàárín gbogbo rẹ̀.

Pẹ̀lú ìfẹ́ tí kò lópin,
èmi ọmọ yín, tí ṣọ́ọ̀kì yín wà lọ́wọ́ rẹ̀.